Montgomery, 1955 sí 1956: ṣé yíyan bọ́ọ̀sì lódì ló ṣẹ́gun ni, àbí kóòtù?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ mi ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nílé wa ní Houston níbí. Wọ́n ní kó kọ bí wọ́n ṣe fòpin sí yíya òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ìlú Montgomery, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Èmi ní kó kọ ọ́ pé ó rẹ Rosa Parks, ó kọ̀ kò dìde fún òyìnbó, gbogbo aláwọ̀ dúdú wá yan bọ́ọ̀sì lódì fún odindi ọdún kan títí àwọn òyìnbó fi gbà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó jẹ́ lọ́yà ní kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ní kóòtù ló parí ẹ̀, pé ìyà tí wọ́n fi jẹ ara wọn lásán ni gbogbo ìrìn tí wọ́n rìn yẹn, pé ká ní wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì wọn lọ kí lọ́yà máa bá ẹjọ́ lọ, ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ ì bá já sí. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí ọmọ kọ?

* * *

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó kọ èyíkéyìí nínú méjèèjì bẹ́ẹ̀. Lọ́yà yín mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, màá dé ibẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ "ó rẹ̀ ẹ́" yẹn kúrò, nítorí òun ló ń ba gbogbo ìtàn náà jẹ́.

Ẹni ọdún 42 ni Rosa Parks ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1955. Aránṣọ ni ní ilé ìtajà ńlá kan láàárín ìlú, òótọ́ ni. Àmọ́ ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti wà nínú NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, òun sì ni akọ̀wé ẹ̀ka wọn ní Montgomery. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn gan-an, ó lọ sí Highlander ní Tennessee, níbi tí òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú ti jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe lè tú òfin ìyàsọ́tọ̀ ká. Ó sì mọ dẹ́rẹ́bà tó wa bọ́ọ̀sì náà. James Blake lorúkọ rẹ̀, ó ti lé e bọ́ sílẹ̀ rí ní 1943. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà ni pé aláwọ̀ dúdú á gba iwájú wọlé san owó, á tún sọ̀ kalẹ̀, á wá lọ gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé. Àwọn dẹ́rẹ́bà mìíràn á ti wa bọ́ọ̀sì lọ kí ẹni tó ti sanwó tó dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Ohun kejì tí wọ́n máa ń sọ ni pé ó jókòó sí àyè òyìnbó. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjókòó mẹ́wàá iwájú ni ti òyìnbó, kódà bí kò bá sí òyìnbó kankan nínú ọkọ̀. Ẹ̀yìn ni ti aláwọ̀ dúdú. Àárín ni wàhálà wà: aláwọ̀ dúdú lè jókòó níbẹ̀ títí dìgbà tí òyìnbó kan kò bá ríbi jókòó. Àárín yẹn ni Rosa Parks jókòó sí, ní ìlà tó tẹ̀ lé ti òyìnbó. Nígbà tí òyìnbó kan ṣoṣo wà lórí ìdúró, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní ìlà náà ni Blake ní kó dìde, nítorí òyìnbó kò gbọdọ̀ bá aláwọ̀ dúdú jókòó ní ìlà kan náà. Àwọn mẹ́ta dìde. Òun sún sídìí fèrèsé, ó jókòó síbẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin tí yóò dìde nítorí ẹnì kan: ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ya àwòrán ìlà yẹn sínú iṣẹ́ rẹ̀, tíṣà á rí i pé ó mọ ohun tó ń sọ.

* * *

Ẹnì kan kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kì í ṣe Rosa Parks ló kọ́kọ́ kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ lẹ sọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1955, oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú Rosa Parks, ọlọ́pàá wọ́ Claudette Colvin bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ ọdún 15 ni. Wọ́n mú Aurelia Browder ní oṣù Kẹrin, wọ́n mú Mary Louise Smith, ọmọ ọdún 18, ní oṣù Kẹwàá. Àwọn aṣáájú aláwọ̀ dúdú gbé ọ̀rọ̀ Colvin yẹ̀ wò bóyá kí wọ́n fi tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìjà, wọ́n ní ọmọdé ni, kò lè fara da ohun tí àwọn òyìnbó máa sọ nípa rẹ̀. Inú mi kò dùn sí ìpinnu yẹn títí dòní, nítorí pé ipò tálákà tí àwọn òbí rẹ̀ wà wà lára ohun tí wọ́n wò. Àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn.

* * *

Ó yá, ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ lọ́yà.

Ohun tó mọ̀ nìyí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1956, Fred Gray, lọ́yà aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ọmọ ọdún 25, gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀. Browder lòdì sí Gayle ni orúkọ ẹjọ́ náà. Gayle ni olórí ìlú Montgomery nígbà náà. Obìnrin mẹ́rin ló dúró bí olùpẹjọ́ dópin: Aurelia Browder, Susie McDonald, Claudette Colvin, Mary Louise Smith. Rosa Parks kò sí níbẹ̀, nítorí ẹjọ́ tirẹ̀ ṣì wà ní kóòtù ìpínlẹ̀ Alabama, Gray kò sì fẹ́ kí wọ́n rí àwáwí kankan dì mọ́ láti da ẹjọ́ tuntun yìí nù. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, adájọ́ méjì nínú mẹ́ta dá a pé òfin ìyàsọ́tọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ta ko ìwé òfin Amẹ́ríkà. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá. Ìwé àṣẹ dé Montgomery ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá, àwọn ènìyàn padà sínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kejì.

Nítorí náà, tí ẹ bá béèrè pé kí ló pa òfin náà, kóòtù ni. Olórí ìlú Gayle kò fìgbà kankan gbà. Gbólóhùn "títí àwọn òyìnbó fi gbà" yẹn, ẹ ní kí ọmọ pa á rẹ́.

* * *

Mo rí i pé àwọn kan ti ń kí lọ́yà kú oríire. Ẹ ní sùúrù.

Ẹ wo ohun tí wọ́n béèrè ní oṣù Kejìlá ọdún 1955 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni: kí àwọn dẹ́rẹ́bà máa fi ọ̀wọ̀ bá èrò sọ̀rọ̀, kí wọ́n gba aláwọ̀ dúdú sí iṣẹ́ dẹ́rẹ́bà ní àwọn ọ̀nà tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí, kí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé kọ́kọ́ jókòó, aláwọ̀ dúdú láti ẹ̀yìn wá síwájú, òyìnbó láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ìyàsọ́tọ̀ ṣì wà nínú ohun tí wọ́n béèrè! Wọn ò tíì ní kí wọ́n fòpin sí i. Irú ètò yẹn ni ìlú Baton Rouge ní Louisiana fi parí tiwọn ní oṣù Kẹfà ọdún 1953: àwọn aláwọ̀ dúdú yan bọ́ọ̀sì lódì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ìlú fún wọn ní ìdajì, wọ́n padà sínú bọ́ọ̀sì. Ká ní Gayle gbọ́n bíi ti Baton Rouge ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán kí Kérésìmesì tó dé, ẹjọ́ Browder kì bá sì dé kóòtù rí.

Ó kọ̀. Wọ́n ń rìn lọ. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kìíní, wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilé pásítọ̀ Martin Luther King, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn ìkókó wà nínú ilé. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ni Gray gbé ẹjọ́ náà lọ. Àwọn ènìyàn tó béèrè fún ìdajì ní oṣù Kejìlá ti wá ń béèrè fún gbogbo rẹ̀ kí oṣù Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ìrìn ló yí ìbéèrè wọn padà.

Tí lọ́yà bá sì ní wọn ì bá ti gba kóòtù lọ nìkan, ẹ bi í pé kí ló dé tí ẹjọ́ kò fi sí láti oṣù Kẹta tí wọ́n mú Colvin títí di oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Láti gbé irú ẹjọ́ yẹn, ẹ nílò ènìyàn tí orúkọ rẹ̀ máa wà nínú ìwé, tí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ máa rí i, tí àwọn tó ń ju bọ́ǹbù máa mọ ilé rẹ̀. Obìnrin márùn-ún ni Gray kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Jeanetta Reese yọ orúkọ tirẹ̀ kúrò kíákíá nígbà tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ọn, ìjọba sì gbìyànjú láti fi ìyẹn dè Gray fúnra rẹ̀ pé ó gbé ẹjọ́ ẹni tí kò rán an níṣẹ́. Mi ò dá obìnrin náà lẹ́bi. Àmọ́ àwọn mẹ́rin tó kù dúró nítorí pé gbogbo ìlú wà lẹ́yìn wọn, lójoojúmọ́, lójú pópó.

* * *

Ẹnì kan ní owó ni, pé nígbà tí iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì ń pàdánù ni wọ́n juwọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gbajúmọ̀ gan-an, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò sì tọ̀nà.

Lóòótọ́, aláwọ̀ dúdú ni nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì Montgomery. Ọwọ́ iléeṣẹ́ náà ká débi tí wọ́n fi gbé owó ọkọ̀ láti sẹ́ǹtì 10 sí 15. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1956, iléeṣẹ́ náà, tí àwọn tó ni ín wà ní Chicago, kéde pé àwọn dẹ́rẹ́bà wọn kò ní máa ya èrò sọ́tọ̀ mọ́. Kí ni ìlú ṣe? Wọ́n ní àwọn máa mú dẹ́rẹ́bà tó bá dán an wò, wọ́n sì lọ gba àṣẹ ní kóòtù ìpínlẹ̀ pé dandan ni kí iléeṣẹ́ náà máa ya èrò sọ́tọ̀. Oníṣòwò fẹ́ gbà, ìjọba kò jẹ́. Owó nìkan kò ṣẹ́gun ìjọba tó gbà pé bí aláwọ̀ dúdú bá jókòó níbi tó wù ú, ayé òun ti bàjẹ́ nìyẹn.

* * *

Nísinsìnyí, ibi tí èmi fẹ́ kí ọmọ yín lo ojú ewé rẹ̀ sí jù: báwo ni nǹkan bí 40,000 ènìyàn ṣe ń dé ibi iṣẹ́ fún 381 ọjọ́ láìwọ bọ́ọ̀sì?

Àwọn obìnrin ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Jo Ann Robinson, olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Alabama State College, ni olórí Women's Political Council, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ìlú náà. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 1954 ló ti kọ̀wé sí olórí ìlú pé tí ìwà àwọn dẹ́rẹ́bà kò bá yí padà, àwọn lè yan bọ́ọ̀sì lódì. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú Rosa Parks, òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì wọ ilé ẹ̀kọ́ lọ lóru, wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà ìwé pélébé títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ìwé náà ti tàn ká ìlú lọ́jọ́ Ẹtì, kí àwọn pásítọ̀ púpọ̀ tó mọ ohun tó ń lọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 5, bọ́ọ̀sì ń kọjá lófo. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ṣọ́ọ̀ṣì Holt Street kún àkúnwọ́sílẹ̀, tí King, ọmọ ọdún 26, sọ̀rọ̀ bí olórí tuntun.

Takisí ló kọ́kọ́ gbà wọ́n. Àwọn onítakisí aláwọ̀ dúdú ń gba sẹ́ǹtì 10, iye owó bọ́ọ̀sì gan-an. Ọ̀gá àgbà tó ń darí ọlọ́pàá wá gbé òfin àtijọ́ jáde pé takisí kò gbọdọ̀ gba owó tó dín sí sẹ́ǹtì 45. Ọ̀nà yẹn dí. King tẹ pásítọ̀ T. J. Jemison ní Baton Rouge láago, òun ló ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣètò mọ́tò aládàáni láti máa gbé èrò. Rufus Lewis ni wọ́n fi ṣe alága ètò ọkọ̀. Mọ́tò bí 300 ló jáde. Ibùdó tí wọ́n ti ń gbé èrò láàárọ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń kó wọn padà nírọ̀lẹ́ lé ní ogójì. Nígbà tó yá, wọ́n ra àwọn ọkọ̀ ńlá tí ẹ̀yìn wọn gùn, wọ́n fi orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì gba ìwé wọn, wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà sára wọn.

Mo ti bá wọn ṣe irú ètò yìí rí ní ìjọ wa ní Maryland níbí, láti máa gbé àwọn àgbà tí kò lè wakọ̀ mọ́ wá sí ìsìn. Ìdílé díẹ̀ péré, ọjọ́ Ìsinmi nìkan. Láàárín oṣù díẹ̀, ọ̀rọ̀ ti ń lé ọ̀rọ̀: ta ló máa ra epo, kí ló dé tó jẹ́ èmi ni mo gbé Màmá lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo tún máa gbé wọn lọ́sẹ̀ yìí, ẹni tó ní òun ń bọ̀ tó pa fóònù rẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá kankan tó ń lépa wa o. Ní Montgomery, ọlọ́pàá ń dá àwọn awakọ̀ dúró nítorí ohun tí kò tó nǹkan. Jo Ann Robinson nìkan gba ìwé ìtanràn 17. Wọ́n mú King pé ó sáré máìlì 30 níbi tí ó ti yẹ kó sáré 25. Àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò fagi lé ìwé àwọn ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, láìsí ìwé yẹn, ọkọ̀ kò lè jáde. Àfìgbà tí oníṣòwò aláwọ̀ dúdú kan ní Atlanta bá wọn rí i gbà lọ́wọ́ Lloyd's ní London lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo bá rántí ohun tí ìdílé díẹ̀ fojú wa rí, ọ̀wọ̀ tí mo ní fún Rufus Lewis àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ.

Epo ọkọ̀ ńkọ́? Owó wá láti ìlú òkèèrè, ó sì wá láti ibi ìdáná. Georgia Gilmore jẹ́ agbọ́únjẹ tó jẹ́rìí ní kóòtù nígbà ẹjọ́ tí wọ́n pe King nítorí yíyan bọ́ọ̀sì lódì ní oṣù Kẹta ọdún 1956, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń din adìyẹ, ó ń ṣe búrẹ́dì ẹlẹ́ran, òun àti àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń yan kéèkì, wọ́n ń tà á káàkiri, kódà òyìnbó ń rà lọ́wọ́ wọn. Club from Nowhere ni wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ilé fún òyìnbó: bí wọ́n bá béèrè ibi tí owó ti wá, kò wá láti ibì kankan. Níbi ìpàdé ìjọ, á dìde, á ka iye tí wọ́n rí, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì á sì pariwo ayọ̀.

* * *

Sí ará wa tó béèrè bóyá ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ wa: ó kàn án díẹ̀. Oṣù Kẹta ọdún 1957, kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n padà sínú bọ́ọ̀sì, King àti ìyàwó rẹ̀ wà ní Accra níbi tí Ghana ti gba òmìnira. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1960 ó wá sí Èkó nígbà tí wọ́n fi Azikiwe jẹ Gómìnà Àgbà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà sí Alabama.

* * *

Lọ́yà tún ránṣẹ́, ìyá ọmọ sì gbé e síbí: ó ní bó ti wù kó rí, láìsí ìdájọ́, wọn ì bá máa rìn títí dòní. Mo gbà. Ọjọ́ tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ̀rọ̀ gan-an, ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá, ni kóòtù ìpínlẹ̀ ní kí wọ́n dá ètò ọkọ̀ náà dúró. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Wọ́n fi ẹsẹ̀ rin ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó kù, àwọn aládùúgbò ń gbé ara wọn.

Àmọ́ kí ó wo ìdájọ́ tí kò ní irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ní 1946, nínú ẹjọ́ Irene Morgan ti Virginia, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kan náà ti sọ pé ìpínlẹ̀ kò lè fi òfin ya èrò sọ́tọ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Títí di 1961, àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń jẹ lílù, wọ́n ṣì ń dáná sun bọ́ọ̀sì wọn ní Alabama nítorí pé wọ́n jókòó pọ̀. Ọdún 15! Ẹ tún wo Birmingham, ní ìpínlẹ̀ kan náà, lábẹ́ ìdájọ́ kan náà. Wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilé pásítọ̀ Fred Shuttlesworth lálẹ́ Kérésìmesì ọdún 1956. Lọ́jọ́ kejì, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ jókòó níwájú bọ́ọ̀sì, wọ́n sì kó wọn. Ó tún gbà wọ́n ní ọdún díẹ̀ mìíràn ní kóòtù.

Ní Montgomery náà, wọ́n yìnbọn sí bọ́ọ̀sì, ìbọn ba obìnrin kan tó lóyún lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ọdún 1957, bọ́ǹbù bú ní ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin àti ilé pásítọ̀ méjì lóru kan ṣoṣo. Síbẹ̀ àwọn èrò kò padà sẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn tó ti ń ṣèpàdé lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ fún ọdún kan, tí wọ́n ti mọ ẹni tí wọ́n máa pè bí ọlọ́pàá bá mú wọn, kò rọrùn láti lé wọn. Ohun tí lọ́yà pè ní ìyà lásán nìyẹn.

Tí àyè bá ṣì kù nínú ìwé ọmọ, kó fi Claudette Colvin kún un. Ó jẹ́rìí níwájú àwọn adájọ́ mẹ́ta nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1956, ẹ̀rí rẹ̀ wà lára ohun tó pa òfin náà. Àmọ́ ẹ̀bi tí kóòtù àwọn ọmọdé ní Montgomery dá a fún un ní 1955 wà lórí rẹ̀ síbẹ̀. Ìparí ọdún 2021 ni adájọ́ tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n pa á rẹ́, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ, ní ẹni ọdún 82.